ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ BÀBÁ ALÁDÙÚRÀ MÓSÈ ORÍMỌLÁDÉ TÚNỌLÁṢE

Ìtàn Bàbá Aládùúrà Mósè Orímọládé ni a mú wá fún ìwé ìrántí ti ọdún yìí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ayé ń yí, àyà ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń já. Ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe rí ìgboyà nígbà tí ayé ń yí lójú tiwọn náà.

Ìlú Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó ni a bí Bàbá sí, ní nǹkan bí ọdún 1879, nínú ìdílé ọba. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbé wọn. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ọdún púpọ̀ ni wọn kò fi lè rìn rárá. Nígbà tí Ọlọ́run ṣàánú wọn, wọ́n dìde, wọ́n sì rìn, ṣùgbọ́n wọ́n ń tiro títí di ọjọ́ ikú wọn. Wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọn kò mọ̀wé kà. Síbẹ̀ Bíbélì wà lórí wọn débi pé ó ya àwọn akọ̀wé lẹ́nu.

Ẹ kíyè sí èyí o. Ẹni tí ẹsẹ̀ kò gbé dáadáa yìí ni Ọlọ́run rán lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n wàásù ní ilẹ̀ Àkókó, wọ́n dé Bìní, wọ́n dé Kàbà, Lọ́kọ́ja àti Ìlọrin. Ibi tí wọ́n bá dé, wọn a ní kí àwọn ènìyàn kó òrìṣà àti oògùn dànù, kí wọ́n gbójú lé àdúrà. Wọn kò sì dá ìjọ sílẹ̀ fún ara wọn ní gbogbo ìrìn àjò yìí. Ẹni tó bá ronú pìwà dà, inú ìjọ tó wà nílùú rẹ̀ ni wọ́n ń ní kó lọ.

Irú ìgbà wo nìgbà náà? Ìgbà ẹ̀rù ni. Lọ́dún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn influenza jà káàkiri ayé, ó sì pa ènìyàn púpọ̀ nílẹ̀ wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò jìnnà sí wa, inú ìpọ́njú yẹn ni ẹgbẹ́ àdúrà kan ti dìde. Nígbà tó di ọdún 1924, àrùn mìíràn tí eku ń kó ràn tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún náà gan-an, ní oṣù July, ni Bàbá Orímọládé wọ Èkó, tí wọ́n sì wọ̀ sí Ẹ́bútẹ̀ Ẹ̀rọ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn Holy Trinity.

Ẹ̀yin àgbà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ kúkú mọ Ẹ́bútẹ̀ Ẹ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi àwọn ará ọ̀sà ti ń gúnlẹ̀, tí ìyá ọlọ́jà ń já ẹja àti ẹrù oko sí. Àárín èrò ọjà ni Ọlọ́run gbé ìránṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù June 1925, àwọn ìjọ Àgùdà ń ṣe ọdún Corpus Christi ní Èkó. Ọmọbìnrin kan tó lọ wòran, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, rí ìran áńgẹ́lì, ó sì wọnú ìran lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdààmú bá àwọn ará ilé. Bàbá Orímọládé ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Bàbá tiro lọ, wọ́n gbàdúrà, ojú ọmọ náà sì wálẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni èrò ti ń wọ́ wá. Ní oṣù September ọdún náà ni ẹgbẹ́ wọn gba orúkọ Séráfù. Kérúbù kún un lẹ́yìn náà. Àwọn tí ẹ̀rù àjẹ́ àti àbíkú kì í jẹ́ kí wọ́n sùn wá ń wọ aṣọ funfun, wọ́n ń kọrin ní ìgboro. Ọmọbìnrin náà, tí a wá mọ̀ sí Kápútéènì Abíọ́dún, kó àwọn oníwàásù sọ́dọ̀ àwọn ìlú òkè lọ́dún 1927.

Ìtàn tó bá fo ibi tó dun ni kò pé. Lọ́dún 1929, Bàbá àti Kápútéènì Abíọ́dún pínyà, ẹgbẹ́ di méjì. Nígbà tó di ọdún 1930, àwọn mìíràn tún yà lọ. A kò fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, nítorí nínú ẹ̀yin àlejò wa lónìí, ẹ̀ka gbogbo ló wà níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé àdúrà kò tìtorí ìyẹn dáwọ́ dúró. Bàbá sinmi nínú Olúwa ní Òjòkòrò, lẹ́bàá Agége, ní ọjọ́ 19 oṣù October 1933. Ibẹ̀ ni ibojì wọn wà.

Kí ni a rí kọ́? Ọlọ́run tó gbé Bàbá dìde lè tún ẹsẹ̀ yẹn ṣe pátápátá. Kò ṣe é, Bàbá kò sì tìtorí èyí jókòó sílé. Púpọ̀ nínú wa ló ń dúró kí gbogbo nǹkan tọ́ tán: kí owó tó, kí ara le, kí ìjà ìjọ parí, ká tó ṣiṣẹ́ Olúwa. Ìgboyà kò wá báyẹn. Ìtiro náà ni ká fi lọ. Ẹni tí a sì jọ ń tiro, ẹ má jẹ́ kí á fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run Mósè Orímọládé gbé ẹsẹ̀ wa ró, kó sì so àwa ìjọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀ ní ìfẹ́. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àmín.