Val Lewton, ọkùnrin tó fi òkùnkùn dẹ́rù bani

Fíìmù tí wọ́n ti ń bẹ́ èèyàn lórí, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya bí omi ẹ̀rọ, kì í bà mí lẹ́rù. Ó kàn máa ń rí mi lára ni. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bani gan-an ni Val Lewton.

Ìlú Yalta ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1904, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà. Kékeré ló wà tí ìyá rẹ̀ fi kó o lọ sí Amẹ́ríkà. Ó kọ ìwé ìtàn, ó sì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ David O. Selznick, ẹni tó gbé Gone with the Wind jáde.

Lọ́dún 1942, iléeṣẹ́ RKO gbà á kó máa ṣe fíìmù ẹlẹ́rù tí kò wọ́n. Owó ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 150,000 dọ́là lọ, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 75 lọ, àwọn ọ̀gá ló sì máa fún un lórúkọ fíìmù. Orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún un ni Cat People. Jacques Tourneur ló darí ẹ̀.

Nínú ẹ̀, Alice ń dá rìn lóru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Central Park. Bàtà obìnrin kan ń dún ko-ko-ko lẹ́yìn rẹ̀. Àfi bí ìró bàtà yẹn ṣe dákẹ́! Alice wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Lójijì, nǹkan kan bú bí ẹranko. Kí ni? Bọ́ọ̀sì ló dúró. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ àyà tiwa ti já.

Lójú tèmi, dídákẹ́ ìró bàtà yẹn ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Ohun tí ojú bá ti rí, ó ti mọ bó ṣe tóbi tó. Èyí tí kò rí, ohun tí kálukú bẹ̀rù jù ló máa fi síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ o. Nínú The Leopard Man, lọ́dún 1943, ọmọbìnrin kan ń kan ilẹ̀kùn ilé wọn, ẹranko ń bọ̀ lẹ́yìn. Inú ilé la wà, igbe la gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wá yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó tó.

Nígbà tó fi máa di 1946, ó ti ṣe fíìmù ẹlẹ́rù mẹ́sàn-án. Àrùn ọkàn pa á lọ́dún 1951, ọmọ ọdún 46 péré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù ya fíìmù, ẹ má sọ pé owó ni ò jẹ́ kó bani lẹ́rù. Ẹ dín iná kù. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìró bàtà, kẹ́ ẹ wá dá a dúró.