Howard Johnson: Oníṣòwò áísìkirimù tó yá ènìyàn ní orúkọ rẹ̀

Bí ènìyàn bá rí ìsọ̀ tó ń tajà dáadáa, tó sì tún rí òmíràn tó jọ ọ́ ní ìlú kejì, ó lè rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni méjèèjì. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹnì kan ló ni orúkọ, ẹlòmíràn ló fi owó kọ́lé. Ọ̀kan lára àwọn tó sọ irú òwò yìí di ńlá ní Amẹ́ríkà ni Howard Deering Johnson, ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Ìlú Boston ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1897. Kò kàwé jìnnà. Ó jagun ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, gbèsè òwò sìgá ló bá nílẹ̀. Ní ọdún 1925, ó tún yá owó, ó fi gba ilé ìtajà oògùn kékeré kan ní Wollaston, ní ìlú Quincy. Wọ́n ń ta ìwé ìròyìn àti nǹkan mímu níbẹ̀ pẹ̀lú. Johnson rí i pé ibi nǹkan mímu ni èrò pọ̀ sí jù. Ó wá ń ṣe áísìkirimù tí ọ̀rá wàrà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, ó sì gbé e lọ sí etí òkun nígbà ooru. Oríṣi adùn 28 ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1929, olórí ìlú Boston kò jẹ́ kí wọ́n ṣe eré orí ìtàgé Eugene O'Neill kan níbẹ̀. Àwọn òṣèré kó lọ sí Quincy. Eré náà gùn gan-an, àwọn òǹwòran ní láti jáde lọ jẹun ní àárín rẹ̀, ilé oúnjẹ Johnson sì wà nítòsí. Báyìí ni orúkọ rẹ̀ ṣe tàn kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé dojú dé ní ọdún yẹn kan náà. Johnson fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ sí i, owó kò sí. Ní ọdún 1935, ó bá ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan ṣe àdéhùn ní Orleans, ní Cape Cod: ojúlùmọ̀ náà yóò fi owó ara rẹ̀ ṣí ilé oúnjẹ, yóò gbé orúkọ Howard Johnson kọ́ ọ, yóò sì máa ra áísìkirimù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbèrú. Nígbà tó fi di ọdún 1939, wọ́n ti ju 100 lọ lẹ́bàá ọ̀nà. Ogun Àgbáyé Kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òwò náà, torí kò sí epo ọkọ̀, 12 péré ló ṣẹ́kù ní ọdún 1944. Ní ọdún 1954, wọ́n ti di 400 ní ìpínlẹ̀ 32.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nìyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1957, Komla Agbeli Gbedemah, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìnáwó ní Gánà, yà sí Howard Johnson kan ní Dover, ní ìpínlẹ̀ Delaware. Ewe ni, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa ní Togo. Òun àti akọ̀wé rẹ̀ fẹ́ mu omi ọsàn. Wọ́n sọ fún un pé ènìyàn dúdú kò lè jókòó mu ún níbẹ̀. Ìròyìn náà ká gbogbo ayé, títí tí Ààrẹ Eisenhower fi pe Gbedemah wá jẹun àárọ̀ nílé rẹ̀. Ní ọdún 1962, àwọn ajìjàgbara lọ jókòó sínú ilé oúnjẹ Howard Johnson ní North Carolina, ọlọ́pàá sì kó wọn. Òfin ọdún 1964 ló wá fi òpin sí ìyàsọ́tọ̀ yẹn ní gbogbo ilé oúnjẹ.

Johnson ti fa òwò lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdún 1959. Ó kú ní ọdún 1972. Ilé oúnjẹ tó gbẹ̀yìn, ní Lake George, ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2022.

Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní owó púpọ̀ lè gbèrú bí ọjà rẹ̀ bá dára, tí ó sì gba ẹlòmíràn mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá ènìyàn ní orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wo adùn áísìkirimù nìkan. Kí ó tún wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àlejò. Ó ṣeé ṣe kí Gbedemah má mọ ẹni tó ni ilé tó wà ní Dover. Orúkọ Johnson ló rí lára ògiri.