Ìtàn Ìgbésí Ayé Sir Arthur Cotton, Ẹni Tí Ó Sé Odò Godavari

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kì í ṣe lórí àga ìwàásù nìkan ni a ti ń sin Ọlọ́run. Òkúta àti omi ni ọkùnrin yìí fi sìn Ín, ó sì gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìyàn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, ọdún 1803, ni a bí Arthur Cotton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1821 ó dé Madras, ní gúúsù Íńdíà, láti ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà lábẹ́ ẹgbẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ń jọba níbẹ̀ nígbà náà. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni.

Nígbà tí a fi iṣẹ́ odò Kaveri lé e lọ́wọ́, ó bá ìsédò kan níbẹ̀ tí àwọn ọba Chola ti kọ́ láti ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Iyanrìn jíjìn ni ìsàlẹ̀ odò náà, síbẹ̀ ìsédò náà kò wó. Cotton kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ àwọn onílẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó sì rí ọgbọ́n tí wọ́n dá: wọ́n a ju òkúta ńláńlá sínú iyanrìn, bí ó ti ń rì, wọ́n a tún kó òmíràn lé e, títí yóò fi fìdí múlẹ̀ tí kò ní lè rì mọ́. Ọgbọ́n yìí ni ó mú lọ sí odò Godavari.

Ní àsìkò òjò, Godavari a máa kún bo oko. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, omi rẹ̀ a máa ṣàn lọ sínú òkun lásán, tí ohun ọ̀gbìn ń gbẹ létí rẹ̀. Ní ọdún 1833 ìyàn mú ní agbègbè náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, àwọn mìíràn sì sá kúrò ní ilé baba wọn. Cotton rọ ìjọba pé kí a sé odò náà ní Dowleswaram. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1847, ó sì parí ní 1852: odi òkúta tí gígùn rẹ̀ ju máìlì 2 lọ. A gbẹ́ ojú omi láti ibẹ̀ wọ inú oko, ìrẹsì sì pọ̀ yanturu.

Ní 1861 a fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ń lọ sí ojú irin ju ti omi lọ. Cotton kò dákẹ́. Ó ní ọkọ̀ ojú irin lè ru oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò lè hu ú. Ìyàn ńlá ti ọdún 1876 sí 1878 pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ní gúúsù Íńdíà. Ní 1878, ní ẹni ọdún 75, ó lọ sọ ti ẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò gba ìmọ̀ràn rẹ̀.

Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 24 oṣù keje, 1899, ní ẹni ọdún 96. Ìjọba àjèjì ni ó rán an, síbẹ̀ nígbà tí Íńdíà olómìnira kọ́ ìsédò tuntun rọ́pò ti àtijọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ káàkiri.

Ará, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ìwọ tí a rán lọ sí ẹ̀ka ìjọ kan, kọ́kọ́ bi àwọn tí o bá níbẹ̀ léèrè bí wọ́n ti fi ìdí ilé lélẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn ìrẹ̀lẹ̀. Àmín.