Ramakrishna, àwòrò Ìyá Kali ní Dakshineswar

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé, bí ohun ìbọ bá bàjẹ́ ńkọ́? Bí àṣà ìdílé bá tako ìlérí tí ènìyàn ti ṣe ńkọ́? Mo fẹ́ sọ ìtàn àwòrò kan ní ilẹ̀ Íńdíà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá lójú ayé rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìṣẹ̀ṣe tiwa, ṣùgbọ́n òrìṣà ló sìn títí ó fi wọ káà ilẹ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1836 ni wọ́n bí i ní abúlé Kamarpukur, ní ilẹ̀ Bengal. Gadadhar ni wọ́n sọ ọ́; orúkọ Ramakrishna tí ayé mọ̀ ọ́n sí, nígbà tó dàgbà ló dé. Ìran Brahmin ni wọ́n, ìran tí iṣẹ́ àwòrò wà lọ́wọ́ wọn láti ìbí, ṣùgbọ́n wọn kò lówó. Khudiram, bàbá rẹ̀, ti ní ilẹ̀ rí ní abúlé mìíràn. Onílẹ̀ ńlá kan níbẹ̀ ní kó wá jẹ́rìí èké fún òun ní kóòtù, ó kọ̀, ni ọkùnrin náà bá fi ẹjọ́ gba gbogbo ohun tó ní. Ilé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ti jáde.

Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó tó àkókò láti gbé okùn mímọ́ kọ́ ọ léjìká, okùn tí wọ́n fi ń mọ Brahmin. Lọ́jọ́ náà, ọmọ gbọ́dọ̀ gba ọrẹ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan, obìnrin Brahmin sì ni í máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n Gadadhar ti ṣèlérí fún Dhani, ìyá kan láti ìran alágbẹ̀dẹ tó gbẹ̀bí rẹ̀, pé ọwọ́ rẹ̀ ni òun yóò ti gbà á. Bàbá ti kú nígbà yẹn. Ramkumar ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró sí ipò rẹ̀, ó sì fárígá. Ọmọ náà ní bí òun bá di òpùrọ́ lọ́jọ́ náà, okùn wọn kò yẹ òun. Wọ́n gbà fún un. Ẹ wò ó dáadáa o: kò ní kí wọ́n má ṣe ètùtù náà. Ó ṣe é pé. Kò kàn jẹ́ kí wọ́n fi ètùtù tẹ òtítọ́ mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1852 ó bá Ramkumar lọ sí Calcutta. Opó olówó kan wà níbẹ̀, Rani Rasmani, tó ń kọ́ ilé òrìṣà sí etí odò Ganges ní Dakshineswar: ojúbọ Shiva 12, ti Krishna kan, ti Ìyá Kali sì ga láàárín. Owó wà, ìfẹ́ wà, ṣùgbọ́n ìran tí wọ́n fojú kéré ni obìnrin náà ti wá, kò sì sí Brahmin tó fẹ́ gbé oúnjẹ fún òrìṣà nínú ilé rẹ̀. Ramkumar ló wá ọ̀nà: kí ó fi gbogbo rẹ̀ ta Brahmin kan lọ́rẹ ná, kò ní sí ohun tó bàjẹ́ nínú òfin. Ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1855 ni wọ́n ṣí i, Ramkumar sì di àwòrò. Gadadhar kò fẹ́ ẹ. Kò jẹ oúnjẹ ibẹ̀. Etí odò ló ti ń se ìrẹsì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé láti kékeré ni kò ti ka ọ̀rọ̀ ìran sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó le koko nígbà náà.

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí ilé náà ni àwòrò Krishna yọ̀ ṣubú pẹ̀lú ère lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ère sì kán. Àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ, wọ́n ní ìwé ti sọ ọ́: a kì í bọ ère tó kán, kí wọ́n jù ú sódò, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn. Ọkàn Rasmani gbọgbẹ́. Ó ní kí wọ́n bi ọmọdékùnrin yẹn. Gadadhar dáhùn pé bí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ ọmọ ìyá náà bá fẹsẹ̀ kán, ṣé yóò jù ú nù kí ó wá òmíràn, àbí yóò wá oníṣègùn? Ó jókòó, ó tún ẹsẹ̀ náà ṣe, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ṣòro láti rí ibi tó ti kán, wọ́n sì ń bọ ọ́ lọ. Lọ́dọ̀ tiwa bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá já, ṣebí a máa ń tún un so ni. Òfin tí àwọn ọ̀mọ̀wé sọ wà nínú ìwé lóòótọ́. Ẹni tí òrìṣà jẹ́ ẹbí fún ni kò lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Ramkumar kú ní 1856, iṣẹ́ Kali sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ń sunkún lójúbọ bí ọmọ tó ń wá ìyá, ó ń gbàgbé ètò, ó ń fi òdòdó òrìṣà sórí ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé oúnjẹ Ìyá fún ológbò jẹ, nítorí pé Ìyá ló rí lójú ológbò náà. Alábòójútó fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Mathur, ọkọ ọmọ Rasmani; Mathur ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà kan ó ń kọrin fún Rasmani lójúbọ, ó rí i pé ẹjọ́ kóòtù ni obìnrin náà ń rò, ó sì gbá a létí! Àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré wọlé. Ìyá olówó náà ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, pé òun jẹ̀bi. Èmi kò ní gba àwòrò kankan nímọ̀ràn pé kí ó dán èyí wò.

Lẹ́yìn náà ó wá olùkọ́. Obìnrin kan kọ́ ọ ní ọ̀nà Tantra. Alárìnkiri kan, Totapuri, kọ́ ọ ní ọ̀nà àwọn tí kò fi ère wá Ọlọ́run. Ní 1866 ó gbé bíi mùsùlùmí fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì yọjú sí ojúbọ Kali ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọ̀rọ̀ ìran tó ti le mọ́ ọn lọ́wọ́ ńkọ́? Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ó lọ lóru sí ilé agbálẹ̀ kan, ẹni tí Brahmin kì í fara kàn, ó sì fi irun orí rẹ̀ nu ilé ìgbẹ́ rẹ̀.

Láti 1875, nígbà tó pàdé Keshab Chandra Sen, ọ̀mọ̀wé Calcutta tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lòdì sí bíbọ ère, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kò bá wọn jà. Èdè abúlé ló fi ń kọ́ wọn. Ó ní èèpo ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bó o kó tó gbìn ín kò ní rí i hù. Ó tún ní bí èso bá yọ, òdòdó á rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò tíì rí èso, kí ó má já òdòdó.

Sarada, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fún un ní 1859 nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré gan-an, dé bá a ní 1872. Ó gbé e jókòó sórí àga òrìṣà, ó sì bọ ọ́ bí Ìyá. Àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló pa Ramakrishna ní Cossipore, ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1886. Àṣà ibẹ̀ ni kí opó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Sarada ti ń bọ́ ọ nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ lójú ìran tó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní òun kò lọ ibì kankan. Ẹ̀gbà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí òun náà fi kú ní 1920.