Theodor Escherich, Oníṣègùn Àwọn Ọmọdé
Ní 1857 ni a bí Theodor Escherich ní Ansbach, ilẹ̀ Jámánì, nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru ń pa ìkókó lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìgbẹ́ ìkókó, tí ẹlòmíràn ń sá fún, ni ó fi awò amóhuntóbi yẹ̀ wò. Ní 1885 ó ṣàpèjúwe kòkòrò tí à ń pè ní Escherichia coli lónìí. Ó kú ní Vienna ní 1911.

Awò nìkan kò lè ya kòkòrò apani sọ́tọ̀ lára èyí tí kò léwu. Ní 2011, nígbà tí ẹ̀yà rẹ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n ń pa ènìyàn ní Jámánì, kíka àbùdá rẹ̀ ni ó tú àṣírí rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní àyẹ̀wò fínnífínní, kí àwa náà lè tú àṣírí àrùn tí ń pa ìkókó wa.