Arnold Shaw: Ọ̀gá nídìí òwò orin tó di òpìtàn olórin

Bí orin bá gbòde, olórin làwọn èèyàn máa ń mọ̀. Wọn kì í sábà mọ àwọn tó gbé orin náà kiri kó tó délé aráàlú. Ọ̀kan lára wọn ni Arnold Shaw, kó tó di pé ó jókòó, ó kọ ohun tójú ẹ̀ rí sílẹ̀.

Ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Brooklyn, New York. Shukotoff gan-an lorúkọ ìdílé ẹ̀. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ jẹ́ ní City College. Nígbà tí ìpínlẹ̀ New York ń dọdẹ àwọn olùkọ́ tí wọ́n fura sí pé wọ́n jẹ́ kọ́múníìsì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Orúkọ Shaw ló gbé wọ ìdí òwò orin.

Ó ṣiṣẹ́ ní Leeds Music àti Hill and Range, ó sì di igbákejì ààrẹ ní Edward B. Marks. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gba ẹ̀tọ́ orin lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, tó sì ń wá olórin tí yóò kọ ọ́ sínú àwo. Lọ́dún 1955, tí wọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ Elvis Presley ní àríwá Amẹ́ríkà, Shaw ló kó àwo ẹ̀ lọ bá Bill Randle, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní Cleveland.

Ọdún 1966 ló fi Marks sílẹ̀, tó wá gbájú mọ́ ìwé kíkọ. Èyí tó lókìkí jù níbẹ̀ ni Honkers and Shouters, tó jáde lọ́dún 1978, lórí orin rhythm and blues. Àwọn adúláwọ̀ ló dá orin yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n láwọn ọdún 1950, aláwọ̀ funfun á tún un kọ, tiwọn á sì tà jù tẹni tó ni ín lọ. Shaw mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí inú ọ́fíìsì ló wà. Ó lọ bá àwọn olórin àtàwọn tó ni ilé-iṣẹ́ àwo, ó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ó sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ìtàn wọn má baà bá wọn wọlẹ̀.

Lọ́dún 1985, ó dá ibùdó ìwádìí orin sílẹ̀ ní Yunifásítì Nevada tó wà ní Las Vegas. Ìlú yẹn náà ló kú sí lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1989. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi pe ibùdó náà lẹ́yìn ikú ẹ̀.