MOHAMMED SHITTA BEY, ỌMỌ LÉMỌ́MÙ ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ẹ̀yin jàmáà, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ kéú kì í yé bi wá: bí òbí ẹni bá ní kí a kúrò lórí òtítọ́ ńkọ́? Sùúrà Lùkúmọ̀nù ti dá wa lóhùn. Sààdì ọmọ Abí Wàkáàsì, tí ìyá rẹ̀ kọ oúnjẹ nítorí pé ó gba Ìsìláàmù, kò yẹhùn, kò sì bú ìyá rẹ̀.

Ti Mohammed Shitta yàtọ̀. Àwọn òbí tirẹ̀ gan-an wà lára àwọn tí a fi ìyà jẹ. Wọ́n bí i ní Waterloo, ní ilẹ̀ Sàró. Salu Shitta ni bàbá rẹ̀, Aishat ni ìyá rẹ̀. Ní Fourah Bay, bàbá yìí ṣe aṣáájú àwọn Mùsùlùmí Yorùbá. Ní ọdún 1839, wọ́n wó mọ́sálásí wọn níbẹ̀. Gómìnà tilẹ̀ fẹ́ lé wọn kúrò nílùú, àwọn aláṣẹ London ni kò gbà.

Ní 1844, Salu kó ìdílé rẹ̀ wá sí Àgbádárìgì wa yìí, ó sì ṣe lémọ́mù níbí títí ó fi kú ní 1849. Ní àkókò yẹn gan-an, ní 1845, ni àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn síbí. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé àti ipò wà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, bí ó bá yà síbẹ̀, ta ni yóò bá a wí? Shitta kò yà.

Ó lọ sí Èkó, ó fi obì, awọ àti ẹ̀gúsí ṣòwò títí dé etí odò Ọya, Ọlọ́hun sì bùkún un. Owó náà ni ó fi kọ́ mọ́sálásí sí Martins Street. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, 1894, wọ́n ṣí i. Abdullah Quilliam wá láti Liverpool, ó mú oyè Bey wá láti ọ̀dọ̀ Súlútáànì Abdul Hamid Kejì. Gómìnà Carter náà jókòó níbẹ̀. Ẹ wò ó: lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wó mọ́sálásí bàbá, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ni ó wá bá ọmọ ṣí tirẹ̀. A kò gbọ́ pé Shitta bú ẹnikẹ́ni.

Ó kú ní 1895. Mọ́sálásí náà ṣì wà, orúkọ lémọ́mù tí ó kú ní Àgbádárìgì ni wọ́n sì fi ń pè é.